Bẹ́ ẹ ṣe lè fi igi gba eruku ibi iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà l'Abuja, pàápàá ẹ̀yin ará Lugbe, Kubwa àti Dei-Dei, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ilé rèé, ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù rèé, fẹ́ǹsì kan péré ló wà láàárín. Master Plan ọdún 1979, ìyẹn ètò tí wọ́n fi to ìlú Abuja, fi àyè igi àti koríko sílẹ̀ káàkiri ìlú yìí, òun la ń pè ní green area, ṣùgbọ́n níbi tí ilé ti fún mọ́ra, ẹni tí eruku ń dààmú á fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é ni.

Kẹ́ ẹ tó ra igi kankan, ẹ kọ́kọ́ dúró lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ wo nǹkan tó ń wọlé gan-an. Ṣé eruku ni àbí ariwo jẹnẹrétọ̀, àbí ojú àwọn tó ń wò yín tẹ́ ẹ bá ń sá aṣọ? Wọn ò gba oògùn kan náà o. Ewé máa ń mú eruku, ó sì máa ń bo ojú, àmọ́ ìlà igi kan ò lè dá ariwo dúró, àárín ewé ló máa gbà kọjá. Ògiri tí ò ní ihò tàbí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ló ń dá ariwo padà, torí náà tó bá jẹ́ ariwo ni wàhálà yín, àwọn ihò aláràbarà tí bíríkìlà fi sílẹ̀ lórí fẹ́ǹsì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dí. Ẹ tún wo ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wá, ti ọyẹ́ máa ń wá láti àríwá ìlà-oòrùn, tí ibi iṣẹ́ yẹn bá wà lápá ibẹ̀, ibẹ̀ ni igi ti gbọ́dọ̀ nípọn jù.

Ẹ wá wọn ilẹ̀. Mítà mẹ́ta gba ìlà méjì dáadáa. Ẹ jìnnà sí soakaway àti páìpù omi, ẹ má sì gbin igi gíga sábẹ́ wáyà iná. Tó bá jẹ́ ìta fẹ́ǹsì lẹ fẹ́ gbin ín sí, ilẹ̀ ìjọba lè ni, ẹ bèèrè ná ní Development Control, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ àti ilẹ̀ l'Abuja.

Igi wo? Igi tí wọ́n ń pè ní másíkírédì (masquerade tree) ló dáa jù níbi tó há, ó máa ń ga lọ sókè láì tẹ́ rẹrẹ, ewé ẹ̀ kì í sì í wọ́ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí àyè bá wà, dóńgóyárò náà dáa. Tíìkì lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí eruku bá dé gan-an ló ń wọ́ ewé, kí la fẹ́ fi ṣe? Sí iwájú wọn, ẹ gbin làálì, àwọn ará Hausa ti ń fi ṣe ọgbà tipẹ́, kí koríko wá bo ilẹ̀. Ẹ má gbin olómi òjò (yellow oleander) níbi tọ́mọdé wà, májèlé ni látòkè délẹ̀.

Bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ni kẹ́ ẹ to igi yín, kí igi ìlà kejì bọ́ sí àlàfo ìlà kìíní. Òpin May sí July ni kẹ́ ẹ gbin ín, kí gbòǹgbò ti wọlẹ̀ kí òjò tó lọ. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ọ̀rá tí wọ́n fi tà á fún yín, ẹ po ìgbẹ́ màálù tó ti gbẹ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, ẹ sì bọ́ ọ̀rá yẹn kúrò o, àwọn kan máa ń gbin ín tọ̀rá-tọ̀rá.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló ń pa wọ́n. Ẹ ṣe kòtò kékeré yí ìdí igi ká, ẹ máa bomi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kódà tó bá gba pé kẹ́ ẹ ra omi lọ́wọ́ mai ruwa, kẹ́ ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ibẹ̀, àmọ́ kó má kan ara igi. Tí aládùúgbò yín bá jẹ́ mẹkáníìkì, ẹ lọ kí ọ̀gá wọn, kẹ́ ẹ fi sùúrù bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn ọmọ ẹ̀ má da ọ́ìlì dúdú sídìí fẹ́ǹsì mọ́, torí tó bá ti wọ ilẹ̀, igi yẹn ò ní yè.

Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ń bá yín gé koríko náà pé kó má gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ másíkírédì, wọ́n máa ń gé e pé kó lè mọ́, abẹ́ ibẹ̀ náà sì ni eruku máa gbà wọlé.