Bẹ́ẹ ṣe máa fi skáànù wo ìfun ológbò

Ológbò tó bá ń bì ṣáá tó sì ń rù, ẹ yé sọ pé irun tó ń lá ló fà á. Tó bá ti dàgbà pàápàá, ẹ gbé e sórí tábìlì kẹ́ẹ wo ìfun ẹ̀. Ẹ̀yin dókítà ẹranko tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ ni mò ń bá wí o, àmọ́ ẹni tó ni ológbò náà lè bá wa kà á.

Kó má jẹun fún bíi wákàtí 8 sí 12 kẹ́ẹ tó wò ó, omi ò burú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ kékeré tàbí èyí tó ní àtọ̀gbẹ ẹ má febi pa á pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ jàre. Afẹ́fẹ́ inú ìfun ni ọ̀tá yín, ìró skáànù ò lè gba inú ẹ̀ kọjá, àwòrán á kàn dàrú ni. Ẹ fá irun ikùn ẹ̀ látìsàlẹ̀ egungun ìhà dé ìdí, ẹ fi sípírítì nù ún, kẹ́ẹ wá da jẹ́ẹ̀lì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i. Èyí tó bá ń janra, oògùn gabapentin tí dókítà wọ̀n fún un nílé kó tó gbéra máa ń rọ̀ ọ́.

Ẹ lo próòbù (orí ẹ̀rọ tẹ́ẹ ń gbé sára ikùn) tí MHz ẹ̀, ìyẹn bí ìró ẹ̀ ṣe ń yára gbọ̀n sí, ga, láti 10 lọ sókè ló dáa jù. 3.5 tí wọ́n fi ń wo oyún obìnrin ò lè ṣiṣẹ́ yìí, ẹ ò ní rí ju ìlà kan lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú agbẹ̀du, ẹ tọ duodenum (ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré) lọ lápá ọ̀tún, ẹ rọra wo jejunum (àárín ẹ̀), kẹ́ẹ wá wá ibi tí ileum (ìparí ẹ̀) ti wọ ìfun ńlá, nítòsí kíndìnrín ọ̀tún. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà ológbò máa ń sá sí. Ìfun ńlá wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀, ẹ wò ó lọ.

Ó wá ku kókó ọ̀rọ̀: kẹ́ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ ka ìlà ara ògiri ìfun. Látinú bọ́ sóde: ojú inú funfun, mucosa (awọ inú) dúdú, submucosa (abẹ́ awọ náà) funfun, muscularis (iṣan ìfun) dúdú, serosa (awọ ìta) funfun. Ògiri jejunum tó dáa máa ń nípọn tó bíi mílímítà 2 sí 2.5, ileum lè dé 3, ìfun ńlá tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má wọn ọ́n nígbà tó bá ń fún pọ̀, irọ́ ló máa pa fún yín.

Tí ìlà bá ṣì pé ṣùgbọ́n tí muscularis wú, ó lè jẹ́ IBD (àìsàn ìfun wíwú tí kì í tán bọ̀rọ̀), ó lè jẹ́ lymphoma (jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn) tó ń rọra rìn, skáànù ò lè sọ èwo ni, kódà kí ẹ̀rọ yín jẹ́ olówó ńlá. Tí ìlà bá ti pòórá tó wá ku òkìtì dúdú kan, ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ sí jẹjẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé FIP (àìsàn ológbò kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà) náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀ àti nínú àwọn lymph node (kókó tó ń bá ara gbógun ti àrùn) tó bá wú.

Òwú lọ̀rọ̀ míì, ológbò ilé télọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Tó bá gbé òwú mì, ìfun á ká jọ bí ìdí ṣòkòtò tí wọ́n fa okùn ẹ̀, ẹ ó rí i kedere lójú skáànù. Ẹ la ẹnu ẹ̀ kẹ́ẹ wo abẹ́ ahọ́n, òwú náà lè so rọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fà á o! Ó lè rẹ́ ìfun. Iṣẹ́ abẹ ló kàn.

Tó bá jẹ́ ileum ló wú, ẹ yẹ fítámì B12 inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ló ti ń wọ ara. Ẹ sì gé díẹ̀ lára ìfun náà fún biopsy (àyẹ̀wò ẹran ara) kẹ́ẹ tó fún un ní prednisolone (oògùn tó ń rọ wíwú), torí tí oògùn bá ti ṣíwájú, èsì lè dojú rú mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́.