Bí a ṣe gbé ọ̀rọ̀ aṣọ híhun Búnú lọ bá ìjọba

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ìjọba nítorí aṣọ híhun àwa ará Búnú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, "àṣà wa ń parun, ìjọba ẹ gbà wá" ló kún inú rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan. Lẹ́yìn oṣù 4 tí mo padà lọ, wọn ò rí i mọ́. Ó dùn mí wọra. Akọ̀wé kan ló sáré bá mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ fẹ́ gan-an, kí lẹ sì fẹ́ fi ṣe?" Mi ò lè fèsì.

Mo bá gba ilé àbúrò ìyá mi àgbà lọ. Ìdí òfì ni mo bá ìyá, òfì òòró tó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi pákó pẹlẹbẹ gbá òwú mọ́lẹ̀. Ó ṣí àpótí, ó mú aṣọ ipò bàbá rẹ̀ jáde, aṣọ tí wọ́n fi ń sin ẹni ńlá nílẹ̀ Búnú. Pupa rẹ̀ ò tíì ṣá. Ó fi ìka tẹ̀ lé òwú náà: "Kúbùsù ọsibítù ni wọ́n ń tú láyé àtijọ́ kí wọ́n tó rí òwú pupa yìí." Mo bi í pé kí ló dé táwọn ọmọ ò wá kọ́ ọ mọ́. Ó ní, "Òwú ti wọ́n, òjò sì ń lé wa nídìí òfì. Wá òrùlé, wá òwú, wàá rí wọn."

Ibẹ̀ ni lẹ́tà kejì ti jáde: òrùlé 1, òfì 6, òwú ọdún kan, owó oṣù ìyá 2 tí yóò máa kọ́ni. Ní ọjà Kábà, mo gba iye páànù, pákó àti òwú lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta-mẹ́ta, lórí ìwé. Mo fi ìpín 21 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sí i, èyí tó ní kí ìjọba dáàbò bo àṣà wa, kó sì gbé e ga. Nítorí pé Orí Kejì ìwé òfin náà ló wà, a ò lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń ka lẹ́tà mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ la wá bá a sọ.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o! Oṣù kẹjọ ni mo gbé e lọ, kí ètò ìṣúná tó dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́kọ́ja. Ẹ̀dà kan fún kánsù, ìkan fún aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ náà, ìkan fún ọba. Èmi àti ìyá la jọ lọ, aṣọ ipò wà nínú àpò rẹ̀. Mi ò kúrò níbì kankan láì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tèmi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè wá látọ̀dọ̀ aṣojú pé ká wọn ilẹ̀ tá a fẹ́ kọ́lé sí. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá di okùn mú lápá kan, mo di apá kejì mú: ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 20.