Bí ẹ ó ṣe wo Afárá Charles ní ìlú Prague, lórílẹ̀-èdè Czech

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ, kí èrò tó kún un. Ẹ má tíì gùn ún. Etí odò Vltava ni kí ẹ kọ́kọ́ dúró sí, kí ẹ wo abẹ́ afárá. Ojú ihò 16 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Òkúta tó ń fún ara wọn pọ̀ ló gbé e ró: ẹrù orí afárá ń gba ara wọn sọ̀ kalẹ̀ sórí òpó. Bí omi bá wá gbẹ́ ìdí òpó, ohun tó jókòó lé e á wó. Bó ṣe rí ní 1890 nìyẹn: igi tí àkúnya omi wọ́ wá dí abẹ́ afárá, ojú ihò mẹ́ta sì ya lulẹ̀.

Ọba Charles Kẹrin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1357. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 516. Nínú ère 30 tó wà lórí rẹ̀, ẹ̀dà ló pọ̀ jù, torí òjò ń jẹ òkúta oníyanrìn.

Lápá Ìlú Àtijọ́, ìyẹn àdúgbò tó wà ní ìkángun afárá lápá ìlà-oòrùn, ẹ wá orí òkúta onírùngbọ̀n lára ògiri etí odò. Ó rẹwà púpọ̀! Irùngbọ̀n yẹn ni àwọn ará ìlú fi ń mọ ibi tí omi kún dé láyé àtijọ́.