Bí mo ṣe kọ́ olùkọ́ méjìlélógún láti fi igbó kọ́ ọmọ ní Òṣogbo

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fún mi, olùkọ́ méjìlélógún ni wọ́n sì kó lé mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà kò gùn lẹ́nu: kí n kọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí bí wọn yóò ṣe máa fi igbó kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa àyíká, kí ó má jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni ọmọ ti ń rí igi. Mo ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nídìí kíkọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo rò pé mo mọ ọ̀nà. Kí ọjọ́ kìíní tó ṣú, ó ti hàn sí mi pé èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ ní ẹ̀kọ́ láti kọ́.

Igbó Ọ̀ṣun tó wà ní Òṣogbo ni mo yàn. Hẹ́kítà 75 ni igbó yìí, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba igbó kìjikìji tó ṣẹ́ kù ní gúúsù Nàìjíríà. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, àjọ UNESCO sì fi í kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àwọn ará ìlú kò gbàgbé ipa tí Susanne Wenger kó, obìnrin ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ẹni tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó yí i ká dìde nígbà tí àwọn agégẹdú àti àwọn afẹ́ràlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igbó náà wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkìkí rẹ̀ ni mo wò. Ohun tí mo wò ni pé èèwọ̀ ni láti gégi, láti ṣọdẹ, láti pẹja tàbí láti dáko nínú rẹ̀, èyí tó mú kí igi àgbà, àwọn ọ̀bọ àti pàǹtí ewé tí ẹnikẹ́ni kò gbá wà létí ìlú gan-an, níbi tí olùkọ́ lè fi ọ̀kadà dé.

Èèwọ̀ yìí kan náà ni ó dí mi lọ́wọ́ níbì kan. Ẹni tí kò gbọdọ̀ já ewé kò lè sọ pé òun fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Mo lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tó ní oko kòkó àtijọ́ ní ọ̀nà tó jáde kúrò nílùú, mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí àwọn tíṣà yóò wá kàwé lábẹ́ kòkó òun, ó sì yọ̀ǹda oko náà. Lẹ́yìn tí mo gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó igbó Ọ̀ṣun, mo rin ọ̀nà inú igbó náà lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ọjọ́ tí a dá: mo bá ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn nígbà àkọ́kọ́, mo dá rìn pẹ̀lú aago lọ́wọ́ nígbà kejì, mo sì sàmì sí ibi tí ènìyàn mẹ́jọ lè dúró sí láìdí ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fo ìrìn kejì yẹn, nítorí ibi tó tẹ́jú lójú ẹnì kan ṣoṣo kì í gba ogún ènìyàn. Ẹrù wa kò pọ̀: téèpù aránṣọ, okùn, agolo mílíìkì ńlá mẹ́fà tí mo ti gé orí àti ìdí wọn kúrò, omi ọ̀rá, àwo funfun, ìwé àti pẹ́ńsùlù, fèrè kan, àti àpótí oògùn pàjáwìrì. Mo kìlọ̀ pé kí oníkálukú wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Síbẹ̀ ẹni méjì wọ sálúbàtà wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, inú gbọ̀ngàn ni mo kó wọn sí. Mo tan pùrójẹ́kítọ̀, mo sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Mo ṣàlàyé bí ewé ṣe ń fi ìtànṣán oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ṣe oúnjẹ; mo ka àwọn ohun márùn-ún tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Tbilisi ní ọdún 1977 là sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa àyíká, ìyẹn ìlajú, ìmọ̀, ìhà tí ènìyàn kọ sí àyíká rẹ̀, ọgbọ́n iṣẹ́, àti ìkópa. Mo pe ìkópa yẹn lẹ́nu bí ẹni ń pe orúkọ oyè, kò sì sí ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn náà tó kópa nínú ohunkóhun. Arákùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ti ń sùn.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a gbéra lọ sí igbó, àwọn mẹ́ta ní àwọn kò ní wọlé nítorí pé ilé òrìṣà ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í ṣe ohun tí a ń fi agídí yanjú, n kò sì bá wọn jiyàn. Mo kàn bi gbogbo wọn bí wọ́n ṣe gbọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó. Ẹnu gbogbo wọn ló là lẹ́ẹ̀kan náà: Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn tó ń wá omi, igi tí wọ́n gé tó wó lu odò, ohùn tó jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán, àti bí wọ́n ṣe ní kí àwọn ènìyàn náà kúrò létí odò lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ gíga. Mo wá béèrè pé, bí a bá gbé ti òrìṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ni ìtàn yìí sọ nípa gígé igi létí omi àti kíkọ́ ilé sí ojú àgbàrá? Wọ́n dákẹ́. Ìyáàfin kan lára àwọn mẹ́ta náà ní bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni a fẹ́ lọ wò, òun yóò bá wa lọ. Àwọn méjì tó kù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n máa wọn àwọn igi ẹ̀bá títì, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ tiwọn dáadáa ju àwọn tó wọlé lọ.

Ìdí ni pé nínú igbó, mo tún ṣe ohun tí mo ṣe nínú gbọ̀ngàn. Mo na ọwọ́ sí igi, mo dárúkọ rẹ̀, mo sọ ìwúlò rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un pè kí a lè kọ ọ́.” Láàárín wákàtí kan mo ti dárúkọ igi mẹ́rìnlá. Nígbà tí a jáde, mo ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n sọ igi tí wọ́n lè dá mọ̀ bí a bá padà wọlé. Àràbà ni gbogbo wọn dárúkọ, nítorí ìdí rẹ̀ tó yọ apá bí ògiri. Ẹni méjì rántí akòko. Igi méjìlá yòókù ti sọnù sínú ìwé wọn. Mo ti gbé pátákó ìkọ̀wé wọ inú igbó, n kò sì mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fa ètò ọjọ́ kejì ya. A kò wọ gbọ̀ngàn rárá ní òwúrọ̀. Mo kó wọn lọ tààrà sí oko kòkó, mo ní kí oníkálukú wá ibi tirẹ̀, kí ó jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsọ̀rọ̀, láìfọwọ́ kan fóònù. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ le fún wọn. Mo ń gbọ́ ikọ́, mo ń gbọ́ ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Nígbà tí mo fọn fèrè, arákùnrin tó sùn nínú gbọ̀ngàn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ewé kan já láti orí igi, òun fi ojú bá a lọ títí ó fi balẹ̀, ìgbà náà ni òun tó kíyè sí i pé ewé tí òun jókòó lé lórí jìn. Ó ti fọwọ́ ṣí i wò. Ti òkè gbẹ, ó ń dún wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Ti àárín rọ̀, ó tutù, ó sì ní ihò wínníwínní. Ti ìsàlẹ̀ ti di dúdú, ènìyàn kò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́ kúrò lára ilẹ̀. Ó bi mí pé kí ló ń jẹ ẹ́.

Ìdáhùn ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní, “Báwo ni a ṣe lè wá a rí?” Láti ìgbà náà ni mo ti fi òfin kan lélẹ̀ fún ara mi àti fún wọn, pé ẹni tó bá béèrè ohun tí ojú tàbí ọwọ́ lè wá rí, a kò ní dá a lóhùn, ìbéèrè mìíràn tí yóò tì í síwájú ni a ó fún un. Ó ni àwọn kan lára, nítorí pé nílẹ̀ wa, ẹni tó mọ nǹkan tí kò sọ, ahun ni a máa ń kà á sí. Síbẹ̀ wọ́n kó pàǹtí ewé sínú àwo funfun, wọ́n sì rí ekòló, ọ̀kùn, ìkán, àti okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ti olú tó ń ta lára ewé. Ẹgbẹ́ kan to ewé kòkó sórí ẹní láti orí èyí tó pé títí dé orí èyí tó ti di lẹ́búlẹ́bú, ìpele méje. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń ya àwòrán bí nǹkan ṣe ń jẹrà sójú pátákó, n kò ya èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ igi ni mo rò pé yóò rọrùn jù, òun ló sì fa awuyewuye. Igi kan wà létí oko náà tí àwọn kan pè ní ìyeyè, tí olùkọ́ kan sì takú pé èkìkà ni wọ́n ń pè é nílé tòun. Bàbá olóko tó wá wò wá ní orúkọ méjèèjì ni òun gbọ́ dàgbà. Níbẹ̀ ni ó ti yé wọn, láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdí tí àwọn onímọ̀ fi fún igi náà ní orúkọ kan ṣoṣo, Spondias mombin, tí ará Òṣogbo, ará Brazil àti ará Cuba yóò fi mọ̀ pé igi kan náà ni àwọn ń sọ. Mo ní kí wọ́n kọ gbogbo orúkọ tí ọmọ bá mú wá láti ilé sílẹ̀, kí wọ́n má pa ọ̀kan mọ́lẹ̀ nítorí òmíràn.

Igi wíwọ̀n kò gba àkókò. A fi okùn yí igi ká níbi tó ga ní mítà 1.3 sí ilẹ̀, a fi téèpù wọn okùn náà, a sì fi 3.14 pín ohun tí a rí: igi tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 248 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 79.

Iṣẹ́ agolo ni ó mú wa pẹ́ jù, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù. A gbá agolo wọ ilẹ̀ oko kòkó ní ìwọ̀n ìka méjì, a da omi ọ̀rá kan sí i, a ń wo aago. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí ilẹ̀ fi mu gbogbo rẹ̀. A wá kó àwọn agolo náà lọ sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan, níbi tí ilẹ̀ ti ń dán bí ìdí ìkòkò nítorí gbígbá ojoojúmọ́. Agolo kò tilẹ̀ fẹ́ wọlẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdajì omi ṣì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Gbogbo wa pátá ni a ti fi ìgbálẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ láàárọ̀ rí, tí a ní kí wọ́n gbá ewé jọ, kí wọ́n sì dáná sun ún. Àwa kan náà ni a ń ráhùn nígbà òjò pé àgbàrá ń wọ kíláàsì.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n láti kíláàsì kẹrin bá wa wọ igbó Ọ̀ṣun. Mo pín àwọn olùkọ́ sí ẹgbẹ́ méje: ẹnì kan ń kọ́ni, ẹnì kan ń ka iye ìgbà tí olùkọ́ sọ̀rọ̀, ẹnì kan ń ka ìbéèrè àwọn ọmọ. Ní ẹgbẹ́ kan, olùkọ́ sọ̀rọ̀ nígbà mọ́kànlélọ́gọ́ta, àwọn ọmọ béèrè nǹkan méjì péré, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni ìgbà tí a ó jẹun. Ìjà àṣà àtijọ́ kì í tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ mìíràn, ọmọbìnrin kan wolẹ̀ títí, ó ní, “Àǹtí, ta ló ń gbá inú igbó yìí?” Olùkọ́ rẹ̀ la ẹnu, ó pa á dé, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí á wá ẹni náà.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìjá ewé kan, wọ́n sì bá agbálẹ̀ náà pàdé: ọ̀kùn dúdú kan tó ń jẹ ewé lọ.

Létí odò, a bu omi sínú ìgò, mo sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún. Omi náà pupa, nítorí pé wíwa góòlù lókè odò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń da ẹrẹ̀ sínú rẹ̀. Ọmọ kan béèrè bóyá wọ́n tún ti fọ́ ìkòkò aró ni.

Ọjọ́ kẹrin jẹ́ ti nóòtù ẹ̀kọ́, n kò ní fi í gùn yín lára. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé síkíìmù kò fi àyè sílẹ̀ fún igbó. Nígbà tí a ṣí i wò, a rí ilẹ̀ àti omi nínú sáyẹ́ǹsì, ìwọ̀n nínú ìṣirò, orúkọ igi nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, kò sì sí ẹni tó nílò láti fi wákàtí kún wákàtí. Oníkálukú yan igi kan tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní rí igbó lọ́dún kan lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn sáà kan, mo bẹ ilé-ẹ̀kọ́ méje wò. Mẹ́rin ń lo igi tí wọ́n yàn. Méjì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní ìkeje, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò gbà kí wọ́n fi ewé sílẹ̀ nínú ọgbà, ó ní àwọn alábẹ̀wò yóò kọ ọ́ pé ibẹ̀ dọ̀tí. Arákùnrin tó sùn lọ́jọ́ kìíní ni olùkọ́ ibẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí tó fi yọ̀ǹda igun kan lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn kíláàsì kẹrin; wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí i ká, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń da ewé tí wọ́n bá gbá sí dípò kí wọ́n sun ún. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan wọ́n ń fi agolo wọn ilẹ̀ igun náà, wọ́n sì ń fi èédú kọ iye ìṣẹ́jú sára ògiri. Mo kà á: 34, 31, 26, 19, 11. Ọ̀gá náà ní òun yóò fi ọ̀dà kun ògiri yẹn kí sáà tuntun tó wọlé. Olùkọ́ náà ti da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé.