Bí Wọ́n Bá Fi Ẹ̀tọ́ Dù Yín Nítorí Pé Ẹ Jẹ́ Mùsùlùmí: Ìtọ́sọ́nà fún Yorùbá Tó Ń Gbé Àbújá

Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé rò pé Mùsùlùmí tó bá ti dé Àbújá ti bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu ẹ̀sìn, nítorí pé Òkè Ọya ni, mọ́sáláásí sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé Kubwa, Nyanya, Lugbe àti Mararaba mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń jẹ́ Mùfútáù, onílé kan lè sọ pé yàrá náà ti lọ kí ẹ tó débẹ̀. Bí ẹ bá sì ń jẹ́ Táyọ̀, Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ yín lè bi yín bóyá ẹ máa ń kírun rárá. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń dá lóhùn. Ìbínú yín lè tọ́, ẹ̀rí ọkàn yín sì lè mọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sí àkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu yín àti ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá ni yóò dojú kọ ara wọn, ẹ sì mọ èyí tí wọ́n máa gbà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an

Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀, ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀. Abala 42 kò fàyè gba kí òfin tàbí ìṣe ìjọba ni ọmọ Nàìjíríà lára, tàbí kí ó fún un ní àǹfààní tí a kò fún àwọn tó kù, kìkì nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ibi tó ti wá, bóyá ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. Abala 45 gbà pé a lè dín òmìnira ẹ̀sìn kù nítorí ààbò, ìlera tàbí àlàáfíà ìlú, ṣùgbọ́n òfin tó mọ́gbọ́n dání ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe é. Ohun tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kàn sọ láti inú ara rẹ̀ kì í ṣe òfin.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ̀sìn ni ó fa ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́. Olùkọ́ kan láti Ìlọrin tó wá iṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ mìíràn ní Òkè Ọya, tí wọ́n sọ fún pé kò ní ìwé ọmọ onílẹ̀, ibi tó ti wá ni wọ́n fi dí i lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Òun náà wà nínú abala 42, ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé wọ́n kórìíra Mùsùlùmí, níbi tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti jẹ́ Mùsùlùmí, ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ yóò wó lulẹ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo ti rí ẹ̀sùn tó dára tó bàjẹ́ lọ́nà yìí. Nígbà mìíràn ìdí méjì máa ń para pọ̀, bíi ti obìnrin tí wọn kò gbà síṣẹ́ nítorí híjáàbù: ẹ̀sìn rẹ̀ wà níbẹ̀, jíjẹ́ tó jẹ́ obìnrin náà sì wà níbẹ̀. Níbẹ̀, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú

Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, orúkọ tàbí ipò ẹni tó sọ̀rọ̀, àti gbólóhùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ní èdè tó fi sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ Hausa tàbí pijin, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má tún un ṣe. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè jẹ́rìí. Ẹni tó bá ní òun kò lè jẹ́rìí, ẹ má fi agbára mú un. Bí ó bá jẹ́ pé orí WhatsApp ni éjẹ́ǹtì ti kọ ọ́ pé onílé kò fẹ́ Mùsùlùmí, ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ẹ má sì pààrọ̀ fóònù náà láìtọ́jú rẹ̀. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba irú ẹ̀rí yìí wọlé nílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ìwé ẹ̀rí tó ṣàlàyé ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́yà ni yóò ṣe ìyẹn. Ti yín ni pé kí fóònù wà.

Ẹ béèrè ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí pàtàkì jù, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fò kọjá. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní òfin ilé iṣẹ́ kò sí nínú ìwé kankan. Ẹnì kan ló kàn sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tí àwọn tó kù sì ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá béèrè fún un ní kíkọ, ọ̀gá àgbà yóò ní láti yàn bóyá òun yóò fọwọ́ sí i ní orúkọ òun, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ lẹ́tà náà, nítorí òun ni èdè fáìlì ní Àbújá, ṣùgbọ́n báyìí ni kí ohun tó wà nínú rẹ̀ rí:

“Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ fún mi pé n kò lè wọlé pẹ̀lú híjáàbù tí mo wọ̀. Ojú mi hàn kedere, mo sì fi káàdì ìdánimọ̀ mi hàn án. Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè fún ẹ̀dà ìlànà tó sọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi í lélẹ̀, àti ipò ẹni tó fọwọ́ sí i. N óò dúpẹ́ bí èsì yín bá lè tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàrin ọjọ́ méje.”

Kò sí èébú nínú rẹ̀, kò sí ìhàlẹ̀, kò sì sí ẹsẹ Àlùkùránì. Súúrátù Núúr ẹsẹ 31 àti Súúrátù Áhsáàbù ẹsẹ 59 yóò wúlò níwájú adájọ́, àmọ́ ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí kì í ṣe àáfà, ìlànà ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ sì ń bi í. Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan kí ẹ mú un padà sílé. Bí akọ̀wé bá kọ̀ láti lu òǹtẹ̀, ẹ fi íméèlì tàbí ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù ránṣẹ́, kí ẹ sì pa rìsíìtì mọ́.

Bí ilé iṣẹ́ ìjọba bá ni, òfin òmìnira láti rí ìròyìn gbà ti ọdún 2011 wà lẹ́yìn yín. Ó fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì, kò sì pọn dandan kí ẹ ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹ dárúkọ òfin náà nínú lẹ́tà yín; mo ti rí i pé orúkọ rẹ̀ nìkan máa ń jí fáìlì tó ti sùn.

Níbi iṣẹ́

Ìrun Ṣùhúrì, ìyẹn ìrun ọ̀sán, àti Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó máa ń wọ́pọ̀ jù ní àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, kí ẹ sì mú ọ̀nà àbáyọ lọ́wọ́: pé ẹ óò fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán lọ Jímọ̀, tàbí pé ẹ óò máa dé ní wákàtí kan ṣáájú àkókò iṣẹ́. Ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà tó ń yọ́ jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tí wọ́n wá fún ní ìwé ìkìlọ̀, ẹjọ́ rẹ̀ ti le. Ní ti aṣọ, ẹ lè tọ́ka sí i pé láti oṣù kẹta ọdún 2022 ni iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà ti gba àwọn obìnrin wọn láàyè láti fi ìborùn sábẹ́ fìlà iṣẹ́. Bí ọlọ́pàá bá lè ṣe é, ilé ìfowópamọ́ yóò ní láti wá àlàyé tó dára.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní National Industrial Court, ni abala 254C nínú ìwé òfin yàn fún ọ̀rọ̀ ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́. Ẹjọ́ tí wọ́n bá gbé lọ sí ibòmíràn lè lo ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó dá a nù.

Ní ilé ẹ̀kọ́

Abala 38 sọ ọ́ ní kedere pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lè fi dandan mú láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí láti kópa nínú ìjọsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá akẹ́kọ̀ọ́ láre lórí híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Adájọ́ márùn-ún gbè é, méjì kò gbà. Kí ẹ rántí pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni ẹjọ́ náà dá lé. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí ẹ ti fọwọ́ sí ìlànà aṣọ rẹ̀ nígbà tí ẹ ń gba fọ́ọ̀mù yóò fa ìwé yẹn yọ, nítorí náà ẹ ka fọ́ọ̀mù kí ẹ tó sanwó.

Ní Àbújá níbí, ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n kò jẹ́ kí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó kàwé jáde ní Yunifásítì Ìlọrin wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gba àwọn lọ́yà tuntun wọlé, nítorí híjáàbù tó wọ̀ sábẹ́ irun lọ́yà. Ní oṣù keje ọdún 2018, wọ́n gbà á wọlé pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀. Oṣù méje yẹn kún fún lẹ́tà, ìpàdé àti ẹ̀bẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, èyí tí àwọn tó ń pín àwòrán rẹ̀ kì í sábà sọ.

Lọ́wọ́ onílé

Níbí ni n kò ní tàn yín. Ọ̀rọ̀ abala 42 dá lórí òfin àti ìṣe ìjọba, nítorí náà ó ṣòro láti fi òun nìkan mú onílé aládàáni tó kọ̀ láti fún yín ní ilé. Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní ọdún 1983, gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́yà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ilé lónìí kì í ní agbára láti dúró de ìdájọ́. Ẹ kọ ẹ̀sùn náà fún àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kí ó wà nínú àkọsílẹ̀, kí ẹ sì wá ilé lọ síbòmíràn. Ti ayálégbé tó ti wà nínú ilé yàtọ̀. Bí onílé bá ní kí ẹ kó jáde nítorí pé ẹ ń kírun nínú ọgbà, òfin gbígba ilé padà tó wà ní Àbújá ní kí ó fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, àyàfi bí ẹ bá ti jọ ṣe àdéhùn mìíràn, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ilẹ̀kùn tàbí kó ẹrù yín síta.

Ibi tí ẹ óò gbé e lọ

Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti orílẹ̀-èdè wà ní Maitama, ó sì ní ọ́fíìsì ní àwọn ìpínlẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀, ẹ sì lè fi ẹnu ròyìn kí òṣìṣẹ́ wọn kọ ọ́. Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú, Public Complaints Commission, tó ti wà láti ọdún 1975, dára fún ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ìjọba tó ń fi fọ́ọ̀mù yín ṣeré. Àjọ méjèèjì kì í dá sí ohun tó ti wà níwájú adájọ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju owó tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀, ìyẹn ₦70,000 láti ọdún 2024, lè tọ Legal Aid Council lọ fún lọ́yà ọ̀fẹ́. Nínú àwọn ẹgbẹ́ tiwa, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Mùsùlùmí, MULAN, ni kí ẹ wá fún ìmọ̀ràn òfin. MURIC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí, mọ bí a ṣe ń kéde ọ̀rọ̀. FOMWAN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ti wà láti ọdún 1985, ni mo máa ń darí àwọn obìnrin sí.

Ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 2009 fàyè gba kí ẹgbẹ́ pe ẹjọ́ nítorí yín, ó ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ láàrin ọjọ́ 7, kò sì fi gbèdéke ọdún sí i. Ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni ẹ óò ti pe ẹjọ́: ẹni tó ń gbé Mararaba ń gbé ìpínlẹ̀ Nasarawa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Wuse ló ti ń ṣiṣẹ́, kí ó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì.

Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àjọ, ẹ má gbé orúkọ ẹnikẹ́ni sí Facebook. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ti mú ọ̀pọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ di ẹni tó ń jẹ́jọ́. Ẹ má sì kó èrò lọ sẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́. Ní Ìjàgbó ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní oṣù kejì ọdún 2022, ẹ̀mí bọ́ nínú irú rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbà láti parí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀: ohun tí yóò yí padà, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, àti pé kì í ṣe yín nìkan ni ó kàn, kí Mùsùlùmí tó ń bọ̀ lẹ́yìn má tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ Krìstẹ́nì sì lè rí àyè kan náà gbà ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ pa nọ́ńbà ẹ̀sùn yín mọ́. Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí ẹ̀ka mìíràn láìnídìí tàbí tí ìwé ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá léraléra láàrin oṣù díẹ̀ sí i, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ sórí lẹ́tà tuntun, kí wọ́n lè so ó mọ́ fáìlì àkọ́kọ́.