Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ibà pọ́njú ti mú ìkókó

Ẹ gbé ọmọ náà lọ sẹ́bàá fèrèsé lójúmọmọ, torí iná gílóòbù máa ń tan ojú jẹ. Ẹ fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kíá. Tí ojú ibẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, ibà pọ́njú ni. Ẹ tẹ àyà àti ẹsẹ̀ náà: ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, bó bá ṣe ń le sí i ló ń sọ̀ kalẹ̀. Lára ọmọ dúdú kì í tètè hàn, ẹ wo funfun ojú rẹ̀ àti èrìgì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọjọ́. Èyí tó yọ kí ọmọ tó pé wákàtí 24, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó yọ lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta wọ́pọ̀, torí ẹ̀dọ̀ ọmọ kò tíì gbó; ó sì sábà máa ń lọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa fún un lọ́mú dáadáa, kì í ṣe omi gúlúkóòsì, kì í ṣe àgbo. Ṣùgbọ́n tó bá ń sùn ṣáá, tí kò mu ọmú, tó ń ké kíkankíkan tàbí tó na ẹ̀yìn gan, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ó lè ba ọpọlọ àti etí jẹ́.

Ẹ wá yẹ ilé wò. Láàárín àwa Ìjẹ̀bú, aṣọ ẹgbẹ́ tí a fi ṣe Ojúde Ọba ń sùn sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀, òun náà sì ni ìyá àgbà máa fà yọ láti fi pọn ọmọ tuntun. Ọmọ tí G6PD (èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, òórùn káńfọ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yányán, kí ibà pọ́njú sì mú un. Àìtó G6PD yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, pàápàá lára ọmọkùnrin. Kí ìyá àgbà má bínú, káńfọ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú yàrá yẹn rárá. Ẹ̀jẹ̀ ìyá tó jẹ́ O, tí ti ọmọ jẹ́ A tàbí B, lè fa ibà pọ́njú. Àrùn tó wọnú ẹ̀jẹ̀ náà lè fa á.

Ní ọsibítù, bíi ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Ṣágámù, wọ́n máa wọn bilirúbìn (ohun tó ń mú ojú pọ́n) nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n á yẹ irú ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ọmọ wò, àti G6PD. Tí bilirúbìn bá ga, abẹ́ iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí. Tó bá ga jù, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ kò lè rọ́pò ìyẹn.

Tí ibà pọ́njú náà bá ti kọjá ọjọ́ 14, ẹ tú ìtẹ́dìí wò. Ìgbẹ́ tó funfun pẹ̀lú ìtọ̀ tó dúdú ń sọ pé ọ̀nà òróòro lè ti dí. Iṣẹ́ abẹ ni, ó sì dára jù kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́.

Ti ọmọ tó ti ń rìn yàtọ̀: ibà ẹ̀fọn, àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí fọ̀níkúfọ̀ladìde ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ẹ mú káàdì ẹ̀jẹ̀ ìyá dání lọ, ìbáà ṣe ìkókó, ìbáà ṣe àgbà ọmọ.