Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Síkì Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Òkè Líle Lọ́jọ́ Ìjì Yìnyín

Lọ́jọ́ tí ìjì yìnyín bá ń jà lórí òkè, tí ẹ sì ń fi síkì, ìyẹn pákó gígùn méjì tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín, sọ̀ kalẹ̀, ojú ló máa ń kọ́kọ́ jáni kulẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀. Òfuurufú á funfun, ilẹ̀ á funfun, ẹ ò ní mọ ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, nígbà míì ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ bóyá ẹ ti dúró tàbí ẹ ṣì ń lọ. Òòyì máa ń kọ́ àwọn ọ̀jáfáfá pàápàá. Torí náà, ibi tí ojú yín bá ríran dé ni kó pinnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà àti bí ẹ ṣe máa sáré tó. Ẹni tó bá ti lè sọ̀ kalẹ̀ dáadáa lójú ọ̀nà tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì dúdú méjì sàmì sí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìyẹn ọ̀nà líle tó wà fún kìkì àwọn ọ̀jáfáfá, nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́, là ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ẹni tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, kó fi ọjọ́ ìjì sílẹ̀ ná.

Ní ìdájí, ẹ ka ìròyìn tí àwọn tó ń bójú tó òkè náà gbé jáde àti ìkìlọ̀ nípa yìnyín tó lè ya lulẹ̀ lágbègbè yẹn. Ẹ wo bí yìnyín òru ṣe jìn tó, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, àti bóyá ojú ọjọ́ ń móoru sí i. Bí ìjì bá bẹ̀rẹ̀ nínú òtútù tó sì wá móoru, yìnyín tó wúwo ló máa jókòó lórí èyí tó fúyẹ́. Irú yìnyín bẹ́ẹ̀ kì í di ara rẹ̀ mú, kì í sì í pẹ́ ya. Ẹ wádìí ọ̀nà mọ́tò pẹ̀lú. Ní àfonífojì Little Cottonwood Canyon ní Utah, ní Amẹ́ríkà, níbi tí Alta àti Snowbird tí wọ́n ti ń fi síkì ṣeré wà, wọ́n máa ń ti ọ̀nà 210 pa kí wọ́n lè fi ohun abúgbàù ré yìnyín tó wà lókè rẹ̀ lulẹ̀. Ìgbà míì wà tí wọ́n á pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn wà nínú ilé, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè jáde rárá títí wọ́n á fi ṣe tán.

Síkì tó fẹ̀ tó mìlímítà 100 sí 115 lábẹ́ bàtà ló dára jù. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń rì, itan yín ló sì máa ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí síkì ṣe. Ẹ so ọ̀já aláwọ̀ títàn tó gùn tó mítà kan ààbọ̀ mọ́ síkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ki ìyókù rẹ̀ bọ inú ẹsẹ̀ ṣòkòtò, torí síkì tó bá bọ́ sínú yìnyín jíjìn lè gba wákàtí kan kí ẹ tó rí i. Ẹ má tìtorí ẹ̀rù pé síkì á bọ́ kí ẹ wá fún irin tó di bàtà mú le ju ìwọ̀n yín lọ; eékún ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ aṣàwárí tó ń lo ìgbì 457 kHz, èyí tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, ọ̀pá ìgúnlẹ̀ tí wọ́n fi ń gún inú yìnyín wá a, tí kò kéré sí sẹ̀ǹtímítà 240, àti ṣọ́bìrì onírin, kódà bí ẹ ò bá ní kúrò láàárín okùn tí wọ́n fi pààlà. Kí fóònù jìnnà sí ẹ̀rọ náà ní 20 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, kó sì tó 50 nígbà tí ẹ bá ń wá ẹni tó rì.

Awò ojú ló máa ń ba ọjọ́ ìjì jẹ́ jù. Ẹ lo gíláàsì tí wọ́n kọ S1 sí, tó máa ń jẹ́ kí ìdá 43 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ wọlé. Aláwọ̀ ìyeyè tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jẹ́ kí gegele àti kòtò hàn. Ẹ má ṣe gbé e sí iwájú orí tàbí sórí akoto nígbà tí ẹ bá ń sinmi, torí ooru àti òógùn orí ló máa wọ inú rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá rin, ẹ má nù ún: ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí ìkùukùu bò ó ló máa bó. Ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ rọra fi aṣọ gbígbẹ fa omi náà, kí ẹ sì wọ awò ojú kejì tí ẹ fi pamọ́ sápò inú. Aṣọ tí ẹ fi bo ẹnu ò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ awò ojú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èémí yín á gba ibẹ̀ gòkè.

Tó bá dọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa gbà, ẹ lọ sínú igbó. Igi dúdú ló ń fi ibi tí ilẹ̀ wà han ojú, ó sì ń gba atẹ́gùn dúró. Pápá gbalasa tó wà lókè ibi tí igi parí sí máa ń fani mọ́ra, àmọ́ nínú ìjì, ibẹ̀ ni ẹ ti lè kúrò lórí bèbè àpáta láìmọ̀. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ẹ ò tíì fojú rí lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ mọ́. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ la ibi gbalasa kọjá, ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tàbí òpó tí wọ́n fi sàmì sí etí ọ̀nà, kí ẹ jìnnà sí góńgó òkè níbi tí atẹ́gùn ti ń kó yìnyín jọ yọ sórí òfìfo. Nínú àwọn àga orí wáyà tó ń gbé èèyàn gòkè, èyí tó wà lókè pátápátá ni atẹ́gùn kọ́kọ́ máa ń dá dúró, torí náà ẹ ti mọ èyí tó wà nísàlẹ̀ tí ẹ máa lò.

Nínú yìnyín jíjìn, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, kí ẹ sì pín ìwúwo yín dọ́gba. Ẹsẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ jù ló máa rì, á sì gbé yín ṣubú. Ẹ má fẹ̀yìn sẹ́yìn. Kí ojúgun máa kan ahọ́n bàtà. Ẹ dojú kọ ìsàlẹ̀, ẹ fi eré díẹ̀ kún un kí síkì lè léfòó, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ẹ jẹ́ kó ta yín padà sókè, ìgbà tó bá ń bọ̀ lókè ni kí ẹ ṣẹ́ kọ́nà. Kọ́nà náà kó rí roboto. Ẹ má dábùú síkì lójijì láti dúró, torí yìnyín á mú un, ẹ̀yin á sì máa lọ. Ẹ rọra ṣẹ́ ẹ gòkè títí eré á fi kú.

Bí ẹ bá ṣubú tí síkì sì bọ́, òkè ibi tí ẹ wà ni kí ẹ ti wá a, torí ara yín á ti yọ̀ kọjá ibi tó ti bọ́. Ẹ fi ìrù síkì kejì la yìnyín ní ìbú, ìlà lórí ìlà. Láti dìde, ẹ gbé ọ̀pá méjèèjì tí ẹ ń dì mú lọ́wọ́ lé ara wọn bí àgbélébùú, kí ẹ tẹ àárín rẹ̀. Ẹ tẹ ilẹ̀ le, ẹ ha yìnyín kúrò lábẹ́ bàtà, kí ẹ kọ́kọ́ wọ síkì tó wà níhà ìsàlẹ̀.

Ewu tó burú jù nínú igbó ni kòtò ìdí igi. Ẹ̀ka tó ba sílẹ̀ kì í jẹ́ kí yìnyín dé ìdí igi, ibẹ̀ á wá ṣófo, á sì rọ̀. Ẹni tó bá forí sọ ọ́, yìnyín lè dí i lẹ́mìí, kì í sì í sábà lè yọ ara rẹ̀. Ẹ yọ ọwọ́ kúrò nínú okùn ọ̀pá kí ẹ tó wọ igbó. Bí ẹ bá ń ṣubú síbẹ̀, ẹ gbá ìtí tàbí ẹ̀ka mú, kí ẹsẹ̀ lè wà nísàlẹ̀. Bí orí bá ti wọlẹ̀, ẹ má jà. Gbogbo ìjàkadì ló ń mú yìnyín mìíràn já lé yín. Ẹ fi ọwọ́ ṣe àyè síwájú ẹnu.

Ẹni tó wà lóde ló máa gbà yín, nítorí náà méjì-méjì ni kí ẹ máa rìn, kí ẹnì kan má sì kúrò lójú ẹnì kejì. Pé ẹ jọ máa pàdé nísàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ìdáàbòbò: kí ẹ tó mọ̀ pé ẹnì kan ò dé, èémí rẹ̀ á ti tán. Ẹ fi fèrè sí ọrùn. Olùgbàlà ò gbọ́dọ̀ fa ẹsẹ̀ ẹni tó rì. Kó fojú díwọ̀n ibi tí orí wà, kó gbẹ́ ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ lọ síbi ẹnu àti imú, kó má sì da yìnyín lé e.

Yìnyín tó ń ya kì í sábà ṣẹlẹ̀ níbi tó tẹ́jú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìwọ̀n dígírì 30 sí 45 ló léwu jù, pàápàá níhà tí atẹ́gùn ń kó yìnyín dà sí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè máa ń fi ohun abúgbàù dán ibẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣí i, torí náà okùn tí wọ́n bá ta, ẹ má gba abẹ́ rẹ̀. Níbi tó dà gẹ̀rẹ́ gan-an, yìnyín tí kò dì pọ̀ máa ń tẹ̀ lé yín: ní gbogbo kọ́nà mélòó kan, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Lórí àga, ẹ máa wo ojú ara yín. Bí imú tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá funfun tí kò sì mọ nǹkan lára, ẹ fi ọwọ́ gbígbóná bò ó, ẹ má fi yìnyín pa á, kí ẹ sì wọlé. Bí itan bá ti ń gbọ̀n, tàbí tí ẹ ò lè rí igi kẹta níwájú yín mọ́, ojú ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ ni kí ẹ gbà sọ̀ kalẹ̀.